Èmi Ni Mo Hú Igi Nicanora

Ẹ jẹ́ kí n jókòó sọ ọ́, ẹsẹ̀ mi ò gbé mi mọ́. Dókítà ní Torreón ti sọ fún mi pé ẹ̀dọ̀fóró mi ò ní pẹ́ daṣẹ́ sílẹ̀, mi ò sì ní gbé ọ̀rọ̀ yìí wọ sàréè. Ẹ̀yin àgbẹ̀ Las Norias, ẹ̀yin tí ẹ pa orúkọ Nicanora Ibarra rẹ́ kúrò nínú ìwé ìpàdé yìí lọ́dún mẹ́jọ sẹ́yìn, irọ́ tí èmi Eleuterio pa ni ẹ gbà gbọ́. Inú ń bí mi sí ara mi, ó sì ń bí mi sí ẹ̀yin náà, nítorí ẹ tètè gbà á jù.

Ẹ mọ ohun tó jẹ́ sí mi. Òun ló gbé ọmọ mi níbi ìrìbọmi, kòmádírè ni mo ń pè é, òun náà ń pè mí ní kòmpádírè. Òun ló ṣa irúgbìn wayúlè tí gbogbo wa gbìn, nígbà tí ilé-iṣẹ́ abúlé wa ń fi igi aṣálẹ̀ yìí ṣe rọ́bà, tí à ń fi oje rẹ̀ ṣe gọ́ọ̀mù tó ń lẹ pákó, tí à ń fi pàǹtí rẹ̀ dáná fún ẹ̀rọ tó ń fún wa ní iná àti omi. Omi ìfọṣọ ló fi ń rin àwọn ìyá igi tó wà lẹ́yìn ilé rẹ̀, àwọn tí irúgbìn wa ti ń wá. Ẹnu ló fi ń dán wọn wò bí àwọn bàbá wa ti ń ṣe: á jẹ èèpo rẹ̀ títí, á tu pàǹtí rẹ̀ dànù, èyí tó bá ṣẹ́kù sẹ́nu ni rọ́bà. Á ní, "Kòmpádírè, má hú u o. Ìbú ọwọ́ kan sókè ilẹ̀ ni kí o ti gé e. Ṣé fífà lo máa ń fa irun orí ìyàwó rẹ tu tó o bá fẹ́ gé e ni?"

Èmi ni alábòójútó ìkórè. Lọ́dún tí òjò kọ̀ tí kò rọ̀, igi ò tó, mo sì ti ṣèlérí fún oníbàárà pé á tó. Mo ní kí Chon, awakọ̀ ẹrù wa, bá mi gé màríólà lórí òkè, kí a dà á pọ̀ mọ́ wayúlè. Màríólà àti wayúlè jọra bí ìbejì, ṣùgbọ́n rọ́bà inú màríólà ò tó nǹkan. Chon ní, "Dọ̀n Eleuterio, wọ́n á mọ̀." Mo ní, "Ta ló tún ń jẹ èèpo igi láyé òde òní, yàtọ̀ sí ìyá arúgbó yẹn?" Oníbàárà kọ ẹrù wa, ilé-iṣẹ́ kógbá sílé, omi ẹ̀rọ dá. Mo wá dìde níbí yìí, ojú mi ò tì mí, mo ní irúgbìn Nicanora ló ti di màríólà.

Kò sunkún. Ó ní, "Ó dáa. Lọ́jọ́ Àìkú, lẹ́yìn ìsìn Máàsì, kí gbogbo yín wá sẹ́yìn ilé mi, kí ẹ jẹ èèpo igi mi. Ẹnu yín ni yóò dá ẹjọ́ mi." Ẹ gbà. Nígbà tí ẹ wà ní Máàsì, tí òun náà kúnlẹ̀ láàárín yín, mo wà lẹ́yìn ilé rẹ̀ pẹ̀lú dígà. Mo hú gbogbo igi rẹ̀ pátá, mo kó wọn sọ sínú kànga gbígbẹ. Nígbà tí ẹ dé tí ẹ bá ihò nílẹ̀, èmi burúkú yìí ni mo kọ́kọ́ lanu: "Ẹ ò rí i, ó ti kó ẹ̀rí pamọ́." Nicanora wò mí. Ó ní, "Kòmpádírè, èékánná rẹ." Erùpẹ̀ ṣì wà lábẹ́ wọn, mo ki ọwọ́ bọ àpò. Kò sí ẹnì kan nínú yín tó ní kí n yọ ọ́.

Ẹ lé e, ó sì kú sílé Amparo ọmọ rẹ̀, ẹni tó jókòó lẹ́bàá ilẹ̀kùn yẹn tí kò fẹ́ wojú mi. Amparo, gbòǹgbò kan já mọ́ ilẹ̀ lọ́jọ́ yẹn. Nígbà tí òjò rọ̀, ó rú. Mo lọ gé e, kí ẹnikẹ́ni má baà rí i jẹ. Ọdọọdún ló ń rú, ọdọọdún ni mo ń lọ gé e, ìbú ọwọ́ kan sókè ilẹ̀, torí bí ìyá rẹ ṣe kọ́ mi nìyẹn, ọwọ́ mi ò mọ ọ̀nà mìíràn. Lọ́dún yìí mi ò gé e. Ó wà lẹ́yìn òkìtì òkúta, nídìí ògiri ilé ìyá rẹ tó wó, ó ti ga dé orókún. Ẹ̀yin ọ̀dọ́, tí ẹnì kan bá ní kí ẹ tọ́ nǹkan wò kí ẹ tó dájọ́, ẹ tọ́ ọ wò lójú ẹsẹ̀, ẹ má dúró de ọjọ́ Àìkú. Amparo, mi ò ní kí o dárí jì mí lónìí. Mú wọn lọ síbẹ̀, kí olúkúlùkù wọn jẹ èèpo rẹ̀ kí wọ́n tó kọ orúkọ ìyá rẹ padà. Kí ẹ ti ọ̀dọ̀ mi bẹ̀rẹ̀. Eyín mẹ́rin péré ló kù lẹ́nu mi, ṣùgbọ́n màá jẹ ẹ́.