Èmi Ni Kò Jẹ́ Kí Ẹ Rí Ilé-Ń-Lọ Tà

Ẹ̀yin ọmọ mi, ẹ jókòó kí ẹ tó ka èyí, kí ẹni tó bá wà lórí ìdúró má lọ ṣubú. Ọ̀rọ̀ kan wà nínú mi tó ti tó bí, mi ò sì lè rù ú mọ́. Mo mọ̀ pé àwọn arúgbó mìíràn máa ń dúró títí ẹ̀mí á fi fẹ́ bọ́ kí wọ́n tó jẹ́wọ́, kí ẹnikẹ́ni má bàa rí wọn bá jà. Ní tèmi, ara mi le koko. Mo jẹun yó láàárọ̀ yìí, mo sì kọrin títí omi ìwẹ̀ fi tutù. Nítorí náà, ẹni tó bá fẹ́ bá mi jà, ààyè wà. Ọkọ̀ bàbá yín tí ẹ gbé sórí íńtánẹ́ẹ̀tì pé ẹ fẹ́ tà, tí ẹ dín owó rẹ̀, tí ẹ tún dín in, tí ẹ ń sọ pé ayé ti le, pé kò sẹ́ni tó ń ra nǹkan mọ́: ayé ò le. Èmi ni. Èmi ni mo ń lé wọn. Ìwé mi ò pọ̀, ẹ mọ̀. Níbi tí mo bá ti kọ ọ́ wọ́, ẹ fi ẹnu tọ́ ọ.

Ẹ ò mọ ohun tí ọkọ̀ yẹn jẹ́. Ẹ̀yin rí ọkọ̀ ńlá kan tó gba gbogbo àgbàlá, tó ní ibùsùn nínú, tó ní ilé ìdáná tó kéré bí àpótí, ilé ìwẹ̀ tó jẹ́ pé tí èèyàn bá sanra, ẹ̀yìn ló máa fi wọ̀ ọ́, àga aláwọ tó ń yí, àti pákó dídán lára ògiri tí bàbá yín máa ń fi aṣọ rírọ̀ nù bí ẹni ń nu ojú ọmọ. Èmi rí ọ̀rọ̀ tí ọkùnrin kan sọ tó sì mú ṣẹ. Ní gbogbo ọjọ́ ayé rẹ̀ lẹ́nu iṣẹ́, àjàgbé ló ń wà. Òun ń rí ìlú, èmi ń rí ìkòkò. Tó bá dé, á ní, “Ìyá wọn, ibì kan wà tí òkè ti fẹ́rẹ̀ẹ́ jókòó sójú ọ̀nà, o ò rí irú ẹ̀ rí.” Èmi á ní, “Báwo ni mo ṣe fẹ́ rí i, ṣé láti ojú fèrèsé ilé ìdáná ni?” Ó ní òun á mú mi lọ. Ìgbà tó fẹ̀yìn tì, ó lọ ra ọkọ̀ yẹn lọ́wọ́ olówó kan tí kò fi ṣe ju fáàrí lọ, ó sì sọ ọ́ ní Ilé-Ń-Lọ. A lọ, a lọ, a tún lọ. Mo jókòó síwájú, mo gbé ẹsẹ̀ sókè bí ìyàwó ọba, mo ń kọ orin tí mo fúnra mi ṣe:

Táyà ń yí, mo jókòó jẹ́ẹ́,
Ilé mi ló ń gbé mi rìn;
Ẹni tó bá ń wá mi nílé,
Kó sáré, kó sáré bá wa.

Nígbà tó wá kú, inú ọkọ̀ yẹn nìkan ni mo ti ń rí ìdí jókòó. Bí mo bá jí, ibẹ̀ ni mo ti ń po tíì mi. Bí oòrùn bá mú, ibẹ̀ ni mo ti ń rẹjú. Ọkọ̀ náà dúró sójú kan o, àmọ́ tí mo bá ti jókòó síwájú, mo mọ ibi tí mo dé.

Ni ọmọkùnrin mi àgbà bá dé ní Sátidé kan, ó gbé fóònù sókè, ó ń ya fọ́tò inú ọkọ̀, ìta ọkọ̀, abẹ́ ọkọ̀. Ìyàwó rẹ̀ ń gbá ìdọ̀tí tí kò sí. Mo ní, “Kí lẹ̀ ń ṣe?” Ó ní, “Màámi, a fẹ́ gbé e sórí íńtánẹ́ẹ̀tì ni. A ò fẹ́ gbé e fún àwọn tó ń ta ọkọ̀, wọ́n á kàn rẹ́ wa jẹ ni. Àwa fúnra wa la máa tà á.” Mo ní, “Èmi ńkọ́?” Ó rò pé iṣẹ́ ni mò ń béèrè. Ó ní, “Nọ́ńbà yín la máa fi síbẹ̀, Màámi, ẹ̀yin lẹ ṣáà wà nílé. Tí wọ́n bá ti pè, ẹ kàn ní kí wọ́n wá wò ó.” Ọmọ mi, o kàwé títí ojú fi fẹ́rẹ̀ẹ́ fọ́, ìwọ náà lo wá fi fóònù lé mi lọ́wọ́. Kí lo fẹ́ kí n ṣe?

Ẹni àkọ́kọ́ béèrè bí ọkọ̀ ṣe rí. Mi ò lè tẹ lẹ́tà wẹ́wẹ́ yẹn, ohùn ni mo fi ń ránṣẹ́ padà. Mo ní, “Ọkọ̀ dáadáa ni, ọmọ mi. Tí òjò bá rọ̀ nìkan la máa ń ṣí agbòòrùn nínú rẹ̀.” Mi ò gbúròó rẹ̀ mọ́. Irọ́ ni, ẹ̀kán òjò kan ò wọbẹ̀ rí. Tọkọtaya kan tó ṣẹ̀ṣẹ̀ fẹ́ra wọn wá, wọ́n jókòó sórí ibùsùn, wọ́n ń rẹ́rìn-ín síra wọn. Mo fara ti ìlẹ̀kùn, mo ní, “Ibi tí ẹ jókòó sí gan-an ni ọkọ mi kú sí.” Ìyàwó fò sókè bí ẹni jókòó lé iná. Ilé ìwòsàn ni bàbá yín kú sí, àmọ́ mo mọ ẹni tí mo fẹ́. Ká ní ó gbọ́ irọ́ yẹn, ẹ̀rín ni ì bá pa á. Ọkùnrin kẹta pera rẹ̀ ní ọ̀gá ọkọ̀. Ó tẹ́ páálí, ó wọ abẹ́ Ilé-Ń-Lọ, ó ń fi ìka lu irin kọ̀ọ̀kan, ó ń fetí sí i. Irú ìyẹn ò ṣeé purọ́ fún. Mo jókòó sórí àtẹ̀gùn, mo gbé ohùn arò:

Ẹni tó wọ abẹ́ rẹ̀, a ò rí i mọ́,
Bàtà rẹ̀ la rí, a ò rí i mọ́.

Mo gbọ́ gbì. Orí rẹ̀ ló lọ bá irin. Ó yọ síta, ó ń fọwọ́ pa á. “Màmá, ẹ jọ̀ọ́, orin wo nìyẹn?” Mo ní, “Mo kàn fi ń tu ara mi nínú ni.” Ó ní òun máa padà wá. Ẹ bá mi kí i tí ẹ bá rí i.

Ọmọ mi á wá pè mí. “Màámi, ṣé wọn ò pè ni?” “Wọ́n pè.” “Kí ni wọ́n wá sọ?” “Wọ́n ní àwọn ń rò ó.” “Gbogbo wọn?” “Wọ́n ti pọ̀ jù, àwọn tó ń ronú láyé yìí.” Ọmọbìnrin mi ní fọ́tò ni kò dára, ó wá ya òmíràn, mo bá a gbé kọ́tìnì kí ìmọ́lẹ̀ lè wọlé. Lórí gbogbo àwọn wọ̀nyẹn, mi ò tọrọ àforíjì lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni. Tí mo bá tún rí wọn lọ́la, mo máa purọ́ tó dára ju ti tẹ́lẹ̀ lọ fún wọn. Èyí tó kù yìí ni mo ń jẹ́wọ́.

Jórinjórin kan ló wá, òun àti ìyàwó rẹ̀. Àìsàn ti mú ẹsẹ̀ obìnrin náà, àga onítáyà ló fi ń rìn. Ọkọ rẹ̀ yọ téèpù, ó ń wọn ẹnu ọ̀nà. Ìyàwó ní, “Àga yìí á wọlé. Mo ní á wọlé.” Ọkọ ní, “Jẹ́ kí n wọ̀n ọ́n ná.” “Ìwọ ọkùnrin yìí, tí wọ́n bá ní kí o wá dì mọ́ mi, wàá kọ́kọ́ wọ̀n mí.” Mo rẹ́rìn-ín. Ibẹ̀ ni mo ti ṣàṣìṣe. Nígbà tí ọkọ gbé e wọlé tán, mo ní ọkọ̀ náà máa ń jò. Obìnrin náà ní, “A ní agbòòrùn.” Mo ní ọkọ mi kú sórí ibùsùn yẹn. Ó wo ibùsùn, ó wò mí, ó ní, “Ẹ pẹ̀lẹ́, Màámi. Ṣé ó máa ń rọrùn fún bàbá láti sùn síbẹ̀?” Ẹ sọ fún mi, kí lèèyàn fẹ́ fi dá irú ẹni bẹ́ẹ̀ lóhùn? Mo bẹ̀rẹ̀ arò mi. Ó fetí sí i tán, ó ní, “Èyí burú. Ẹ ní òmíràn tó dáa, mo rí i lójú yín.” Àfi bí mo ṣe bẹ̀rẹ̀ orin táyà. Ó gbè é. Ohùn rẹ̀ wà nísàlẹ̀, ó dúró digbí, tèmi ń fò lókè. Jórinjórin dá iṣẹ́ téèpù dúró.

Ó sọ fún mi pé láti ìgbà tí ẹsẹ̀ òun ti kọṣẹ́, òun ò sùn síta ilé òun rí. Ibikíbi tí wọ́n bá pe òun sí, tí kì í bá ṣe àtẹ̀gùn, ilé ìgbọ̀nsẹ̀ tí àga òun ò lè wọ̀ ni. “Ilé tó bá lè tẹ̀ lé mi nìkan ni mo lè bá lọ síbì kan, Màámi. Òkun ni mo fẹ́ rí.” Ọkọ rẹ̀ pe ọmọ mi lórí fóònù, wọ́n fẹnu kò, wọ́n ní ọjọ́ kejì làwọn máa wá gbé e. Ọmọ mi yọ̀ bí ẹni tayò.

Ohun tí mo ṣe rèé. Bàbá yín kó àṣà kan wá láti ìdí àjàgbé. Ó fi fíúsì kan pamọ́ sábẹ́ kápẹ́ẹ̀tì, lábẹ́ àga awakọ̀, òun fúnra rẹ̀ ló so wáyà rẹ̀. Tí fíúsì yẹn ò bá sí níbẹ̀, epo ò ní dé ẹ́ńjìnnì. Níbikíbi tí a bá ti dúró, á yọ ọ́, á fi lé mi lọ́wọ́, màá so ó mọ́ etí aṣọ. “Olè lè jí kọ́kọ́rọ́,” á ní, “kò ní mọ̀ pé ìyàwó mi ló ń wa ọkọ̀.” Kò sẹ́lòmíràn tó mọ̀. Láàárọ̀ ọjọ́ kejì, kí wọ́n tó dé, èmi ìyá yín kúnlẹ̀, mo yọ fíúsì yẹn, mo so ó mọ́ etí aṣọ mi.

Obìnrin náà dé tòun ti báàgì, ó dé fìlà fún oòrùn etí òkun, ó gbé ìrọ̀rí tirẹ̀ dání. Ọkọ̀ wú ikọ́, kò lọ. Ọmọ mi àgbà, o wà níbẹ̀, o fi ṣẹ́ẹ̀tì funfun nu ọ̀rá ẹ́ńjìnnì. Mẹkáníìkì dé, ó ní epo ò dé iwájú, ó wá ojú ọ̀nà epo títí bí ẹni ń wá ẹran tó já. Èmi àti obìnrin náà jókòó sínú ọkọ̀, à ń kọrin fún wọn kí iṣẹ́ lè yá. Orin ni mò ń kọ, ẹ̀yin ọmọ mi, tèmi ti fíúsì létí aṣọ. Nígbà tó yá, ó di ọwọ́ mi mú. Ó ní, “Màámi, ẹ má jẹ́ kó dùn yín. Kì í ṣe ẹ̀bi yín.” Mo ní, “Mo mọ̀.” Ẹ tún un kà. Ẹnu mi yìí ni mo fi sọ ọ́. Mo ní, “Mo mọ̀.”

Jórinjórin ní òun ò lè gbé ọkọ̀ tí á kú mọ́ ìyàwó òun lọ́wọ́ láàárín igbó. Kò sẹ́ni tó lè dá a lẹ́bi. Ó gbé ìyàwó rẹ̀ jáde bí ẹni gbé ọmọ tó ti sùn, àmọ́ kò sùn, ojú rẹ̀ là kalẹ̀. Wọ́n lọ. Mo wọlé láti lọ rẹjú, inú mi dùn, mi ò ní purọ́ fún yín, inú mi dùn pé mo borí. Ni mo bá rí ìrọ̀rí rẹ̀ lórí ibùsùn. Ó ti tẹ́ ẹ sí ẹ̀gbẹ́ fèrèsé. Ẹ̀gbẹ́ tèmi nìyẹn. Ibẹ̀ ni mo máa ń sùn sí kí n lè rí ìta bí a bá ti jí. Mi ò lè sùn. Mo jókòó ti ìrọ̀rí, mo ń wò ó, òun náà ń wò mí.

Mo pe jórinjórin. Mo sọ gbogbo rẹ̀. Mo gbọ́ tí irin dákẹ́ níbi iṣẹ́ rẹ̀. Ó ní, “Màámi, ẹ ò ṣe dáadáa.” Mo ní, “Mi ò ṣe dáadáa.” Ó ní, “Ìyàwó mi ò ṣí fìlà yẹn kúrò lórí títí a fi délé.” Ìyàwó gba fóònù. Ó ní, “Kí ló dé tí ẹ ò sọ pé ẹ ò fẹ́ tà á?” Mo ní, “Kò sẹ́ni tó bi mí.” Ó ní, “Èmi ń bi yín báyìí. Kí lẹ fẹ́?” Ẹ̀yin ọmọ mi, omi bọ́ lójú mi, kì í ṣe ti ìrònúpìwàdà, ẹ má tan ara yín. Mo ní, “Mo fẹ́ máa jókòó síwájú.” Ó ní, “Èmi fẹ́ ẹ̀gbẹ́ fèrèsé.” Mo ní, “Gbà á.” Ọkọ rẹ̀ ń béèrè lẹ́yìn pé ibo lòun máa wá sùn sí.

Nítorí náà, mo ti ta Ilé-Ń-Lọ, mo sì ti ta ara mi mọ́ ọn. Owó yín wà lọ́wọ́ àbíkẹ́yìn, ẹ pín in láìjà. Orí tábìlì inú ọkọ̀ ni mo ti ń kọ èyí. Jórinjórin wà níta, ó ń jó irin tí àga ìyàwó rẹ̀ máa gbà wọlé, ó ní kí n má wo iná náà. Tó bá ti parí, a ti lọ nìyẹn. Yàrá ẹ̀yìn ilé tí ẹ kùn dè mí, pé ibẹ̀ ni kí n máa jókòó tí ẹ bá ti ta ọkọ̀, ọ̀dà rẹ̀ dára, ẹ kó adìẹ sí i. Ẹ̀yin ọ̀dọ́ tó bá bá wa kà á, kí ẹ tó gbé ohun tí ìyá yín ń jókòó sí sórí íńtánẹ́ẹ̀tì, ẹ bi í níbi tó fẹ́ jókòó sí. Tí ẹ ò bá ní bi í, ẹ má fi nọ́ńbà rẹ̀ síbẹ̀.

Ẹnì kan ṣoṣo ni mo bẹ̀. Mo bẹ̀ ẹ́ láàárọ̀ yìí, mo di orúnkún rẹ̀ tí kì í mọ nǹkan mọ́ mú, mo ní kó dárí jì mí nítorí ọjọ́ yẹn, nítorí fìlà tó dé lásán. Ó fọwọ́ kan orí mi. Ó ní, “Màámi, ẹ jẹ́ ká dé òkun ná.” Kò burú. Ibi tí mo dá a dúró kó má dé ni kí n mú un dé kó tó fún mi lésì. Ẹ má pè mí kí a tó débẹ̀.