Irin Tí Mo Fi Ahọ́n Kàn

Ẹ jókòó, kí ẹ jẹ́ kí n sọ̀rọ̀ tán kí ẹ tó bi mí léèrè ohunkóhun. Sàdíátù ọmọ mi, má sunkún, n kò tíì kú. Dókítà ní ọkàn mi ti rẹ̀, kò sì sí ẹni tó lè pààrọ̀ rẹ̀ bí a ti ń pààrọ̀ páátì mọ́tò. Ìdí rèé tí mo fi ránṣẹ́ pe Màmá Ọláníyọnu láti Ìkẹ́nnẹ́, tí mo sì ní kí Akínbọ́lá jókòó tì wọ́n. Ọ̀rọ̀ ẹsẹ̀ Màmá tó kán ni mo fẹ́ sọ. Èmi ni mo kán an.

Màmá, ẹ rántí mọ́tò Mọ́rísì tí Tíṣà, ọkọ yín, rà kí a tó gba òmìnira. Lásìkò tí ìjọba dín ọjà òkèèrè kù ni kílọ́ọ̀ṣì rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í yọ̀: ẹ́ńjìnnì á máa ké, mọ́tò ò ní lọ. Mo sọ fún Tíṣà pé pílétì ibẹ̀ ló ti jẹ tán, ìyẹn awo irin tó máa ń gbé agbára ẹ́ńjìnnì fún jíà. Mo ní èyí tó wà l'Ékòó, ayédèrú ni, ihò àárín rẹ̀ ò bá ọ̀pá jíà mu dáadáa. Mo ní a lè kan láínìn tuntun, ìyẹn ìbora rẹ̀ tó máa ń jẹ, mọ́ pílétì àtijọ́, ṣùgbọ́n n kò lè fọwọ́ sọ̀yà. Tíṣà ní, "Mọ́ṣúdù, ojúlówó ni mo fẹ́. Ìyàwó mi ló ń gùn ún." Wọ́n ránṣẹ́ sí àbúrò wọn ní Lọ́ńdọ̀nù, ó sì fi ojúlówó ránṣẹ́.

Nígbà tí mo tú u nínú páálí, ó wọ̀ mí lójú. Èmi náà ní Mọ́rísì kan tó ti kú kí n tó rà á, tí mo ń tún ṣe díẹ̀díẹ̀ lẹ́yìn ìsọ̀ mi ní Ibido. Kílọ́ọ̀ṣì nìkan ló kù. Àbúrò ìyàwó mi fẹ́ gbéyàwó ní Ìpẹ̀rú, mo sì fẹ́ kí àwọn àna mi rí i pé mo gun mọ́tò ara mi dé. Bí ẹ bá ń retí pé kí n sọ pé ebi ló pa mí, ebi ò pa mí. Ojúkòkòrò ni.

Mo fi ojúlówó Tíṣà sínú mọ́tò mi. Mo gé láínìn búréèkì lọ́rì, mo kàn án mọ́ pílétì àtijọ́ wọn. Kí n tó gbé e wọlé, mo mì í létí, àwọn sípíríǹgì àárín rẹ̀ ń dún wọnranwọnran. Mo mọ̀ pé kò ní tọ́jọ́. Mo ní kó ṣáà gbé wọn di Kérésì, n ó rí ọgbọ́n dá sí i.

Kò dé Kérésì. Akínbọ́lá tó jẹ́ dírẹ́bà wọn ń gbé Màmá bọ̀ láti ọjà Ṣàgámù. Lórí òkè, pílétì náà fọ́, èéfín bo inú mọ́tò, mọ́tò sì ń yí padà sẹ́yìn. Màmá, ẹ rò pé iná ti sọ, ẹ ṣílẹ̀kùn, ẹ já sílẹ̀ kí Akínbọ́lá tó rí mọ́tò dá dúró. Bí ẹsẹ̀ yín ṣe kán nìyẹn, tí ẹ̀ ń tiro di òní.

Ǹ bá ti jẹ́wọ́ lọ́jọ́ náà. Ṣùgbọ́n ohun tó wà lẹ́yìn ẹ̀fà ju èje lọ. Tíṣà wá sí ìsọ̀ mi, àwọn àti Akínbọ́lá àti Oyèbọ̀dé, olórí àwa mẹkáníìkì nígbà náà. Wọ́n bi mí bóyá páátì tí wọ́n gbé fún mi ni mo fi sí i. Mo ní òun ni. Mo ní Akínbọ́lá ló máa ń gbé ẹsẹ̀ lé kílọ́ọ̀ṣì bó bá ń wakọ̀, pé òun ló jó o. Akínbọ́lá ní, "Ọ̀gá Mọ́ṣúdù, ẹ̀yin náà mọ bí mo ṣe ń wakọ̀." Oyèbọ̀dé ní kí n búra. Wọ́n fẹ́ lọ mú Kùránì wá. Mo yára ní iṣẹ́ irin ni mò ń ṣe, irin ni n ó fi búra. Ọkàn gbogbo wọn balẹ̀, torí wọ́n gbà pé kò sí mẹkáníìkì tó máa fi irin sẹ́nu kó purọ́. Wọn ò mọ̀ pé Kùránì ni mo sá fún. Mo rò ó pé mùsùlùmí ni mí, kí ni irin fẹ́ fi mí ṣe? Mo gbé pílétì tó jó náà, mo fi ahọ́n kàn án, mo ní bí mo bá purọ́, kí irin pa mí. Ó korò, ó sì ń rùn. Oyèbọ̀dé ní, "Ó parí."

Ó parí fún Akínbọ́lá lóòótọ́. Tíṣà lé e. Ilé iṣẹ́ kan ní Ògìjo tó fẹ́ gbà á sí dírẹ́bà gbọ́, wọ́n ní àwọn ò ṣe mọ́. Láti ìgbà náà, àpò obì ló ń rù ní Ṣàgámù. Bó bá rí mi, á ní, "Ẹ kú iṣẹ́ o, ọ̀gá." Èmi náà á dáhùn, aláìnítìjú. Irin ò pa mí, mo rò pé mo ti mú un jẹ. Tíṣà kú láìgbọ́ òtítọ́, ìyẹn ò sì ṣe é tún ṣe mọ́.

Lọ́sẹ̀ tó kọjá, Akínbọ́lá gbé ọsàn wá kí mi. Ó jókòó, ó ní, "Ọ̀gá, ó ti pẹ́ tí mo ti ń ro ọ̀rọ̀ yẹn. Ẹ ò lè fi irin sẹ́nu kí ẹ purọ́. Ó ní láti jẹ́ pé ẹsẹ̀ mi wà lórí kílọ́ọ̀ṣì tí n kò mọ̀. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi bẹ Màmá, kí ọkàn mi lè sinmi." Mo díbọ́n pé oorun ń kùn mí, mo kọjú sí ògiri. Mo ti gba iṣẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀, mo gba orúkọ rẹ̀, mo tún wá gba ohun tó mọ̀ nípa ara rẹ̀.

Màmá, bí ẹ bá lè dárí jì mí, ẹ ṣàánú mi. Bí ẹ ò bá lè ṣe é lónìí, n kò ní bá yín jà. Ṣùgbọ́n ẹ wo ọkùnrin tó jókòó tì yín. Ó ti ń sún síwájú láti dọ̀bálẹ̀ fún yín. Ẹ má jẹ́ kó ṣe bẹ́ẹ̀. Akínbọ́lá, dìde. Ẹsẹ̀ rẹ ò sí níbẹ̀.