Orúkọ Ọkọ Mi Láàárín Àwọn Òkú

Ẹ̀yin tí ẹ ń ka ojú ìwé yìí, ọjọ́ ti pẹ́ tí èmi náà ti ń ka ìṣòro àwọn ẹlòmíì níbí, tí mo sì ń mi orí sí wọn bí ẹni tí kò ní ẹ̀ṣẹ̀ kankan lọ́rùn. Lónìí, ó kan èmi náà. Ọkùnrin kan wà tí mo fi ẹnu pa, kò sì kú. Inú ìwé ìjọ ni mo sin ín sí, ó sì ti pé ọdún mọ́kàndínlógún báyìí. Mo ń sọ ọ́ nítorí pé ọmọ mi ń lọ sílé ọkọ, irọ́ náà kò sì ní ibi tí yóò gbà mọ́.

Ọmọ Ìpele ni mí, lẹ́bàá Ọ̀wọ̀. Akọ̀wé ni mí ní iléeṣẹ́ ìjọba ìbílẹ̀. Ọkọ àkọ́fẹ́ mi jẹ́ ọmọ Ìkìrun tó wá dáko kòkó sí Okeluse, ṣọ́ọ̀ṣì ni wọ́n sì ti so wá pọ̀, pẹ̀lú òrùka.

Ẹ jọ̀ọ́, mo fẹ́ kí ẹ mọ̀ pé kò lù mí. Kò kó obìnrin wọlé, kò sì mutí. N kò ní ba ẹni ẹlẹ́ni jẹ́ kí ẹjọ́ tèmi lè dùn. Oko ló sú mi. Mo ti kàwé díẹ̀, mo rí iṣẹ́ ní Ọ̀wọ̀, ó ní òun ò lè fi kòkó òun sílẹ̀, èmi náà ní n kò lè máa fọ́ kòkó títí ayé. Bí mo ṣe gbé Tọ́pẹ́ ọmọ wa nìyẹn, ọmọ ọdún mẹ́ta, mo sì kó ẹrù mi.

Lẹ́ẹ̀mejì ló wá bẹ ọmọ wò. Mo ní ọmọ wà lọ́dọ̀ ẹ̀gbọ́n mi ní Àkúrẹ́. Ìgbà méjèèjì, inú yàrá ni Tọ́pẹ́ wà.

Nígbà tó yá, mo pàdé ẹni tí mo ń pè ní Dádì nínú ilé mi lónìí, ọmọ Ọ̀wọ̀, onígbàgbọ́ láti ìran dé ìran. Kí ọ̀rọ̀ wa tó jinlẹ̀, mo ránṣẹ́ sí Okeluse pé kí bàbá Tọ́pẹ́ jẹ́ ká lọ tú ìgbéyàwó wa ká ní kóòtù. Ó ní ikú nìkan ló lè yà wá, pé ohun tí a jẹ́jẹ̀ẹ́ níwájú pẹpẹ nìyẹn. Mo sì mọ̀ pé bí kóòtù tilẹ̀ tú wa ká, fíkà, àlùfáà ìjọ tí mo ń lọ, kò ní so mí pọ̀ mọ́ ẹlòmíì níwọ̀n ìgbà tí ọkọ àkọ́fẹ́ bá ṣì ń mí.

Ikú tó dárúkọ yẹn ni mo mú lò. Mo sọ fún Dádì, mo sọ fún fíkà, pé opó ni mí, pé ẹbí ọkọ mi ti gbé e lọ sin sí Ìkìrun. Ta ló fẹ́ wá sàréè rẹ̀ lọ sí Ìkìrun? Wọ́n kéde wa lọ́jọ́ Ìsinmi mẹ́ta, kò sẹ́ni tó ní nǹkan kan láti sọ, wọ́n sì so wá pọ̀.

Ohun tí mi ò rò ni oṣù kọkànlá. Ní ìjọ wa, ọjọ́ Ìsinmi kan wà nínú oṣù náà tí à ń rántí àwọn tó ti sùn nínú Olúwa. Wọ́n á ka orúkọ wọn lọ́kọ̀ọ̀kan, ẹni tí wọ́n bá pe orúkọ òkú rẹ̀ á dìde, á sì wà lórí ìdúró títí wọn yóò fi kà á tán. Opó tí kò bá fi orúkọ ọkọ rẹ̀ sílẹ̀, àwọn ìyá ìjọ á bi í bóyá ó ti gbàgbé bàbá àwọn ọmọ ni.

Lọ́dún àkọ́kọ́, mo ṣe bí ẹni tí kò rántí. Dádì fúnra rẹ̀ ló kọ orúkọ náà sórí ìwé. Ó ní kò yẹ kí ọmọ dàgbà kó máa rò pé ọkọ ìyá òun fẹ́ pa orúkọ bàbá òun rẹ́. Èèyàn dáadáa ni Dádì, ohun tó ń dùn mí jù nínú ọ̀rọ̀ yìí nìyẹn. Wọ́n pe orúkọ, Tọ́pẹ́, ọmọ ọdún márùn-ún, di ọwọ́ mi mú, a jọ dìde. Láti ọdún náà, kò sí oṣù kọkànlá tí kò dìde.

Mo ṣe jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ìyá kan wà láàárín wa tí ọkọ rẹ̀ sá lọ bá obìnrin míì, tí ìyá náà sì wá fẹ́ ọkọ míì ní kóòtù. Nígbà tí wọ́n ń jíròrò bóyá kó ṣì máa darí ẹgbẹ́ ìyá wa, wọ́n bi mí léèrè. Mo ní Bíbélì ti sọ̀rọ̀, pé ẹni tí ọkọ rẹ̀ wà láàyè kò lè ní ọkọ méjì. Wọ́n gba ipò lọ́wọ́ rẹ̀. Ó ṣì ń kí mi tọ̀yàyà tọ̀yàyà títí dòní. Ẹ jọ̀ọ́, tó bá ń ka ìwé yìí, kó dárí jì mí.

Bí irọ́ bá lọ fún ogún ọdún, ọjọ́ kan ṣoṣo ni òtítọ́ á bá a. Mo máa ń pa òwe yẹn fún àwọn ọmọ Sunday School. Tèmi ò tiẹ̀ dúró kó pé ogún.

Lóṣooṣù, ẹgbẹ́ ìyá wa máa ń lọ kí àwọn aláìsàn ní ilé ìwòsàn, pẹ̀lú ọṣẹ àti mílíìkì. Lóṣù tó kọjá, a dé wọ́ọ̀dù àwọn ọkùnrin, mo sì rí i lórí bẹ́ẹ̀dì kẹta. Wọ́n ti ṣe iṣẹ́ abẹ ìpá fún un. Irun rẹ̀ ti funfun, ṣùgbọ́n òun ni. Ó rí mi.

Ìyá tó ṣáájú wa bi í pé kí ni orúkọ wọn, ká lè fi orúkọ gbàdúrà. Bó bá dárúkọ ara rẹ̀ péré, kò sí ìyá kan nínú wa tí kò ní rántí ibi tó ti ń gbọ́ ọ. Ó wò mí, ó wo ìyá náà.

“Ẹ ṣáà máa pè mí ní Bàbá Okeluse,” ló wí.

Ìyá náà wá ní kí n gbàdúrà fún wọn. Mo dìídì gbé ọwọ́ lé ọkọ mi lórí, mo ní kí Ọlọ́run má jẹ́ kó kú.

Èmi nìkan padà lọ lọ́jọ́ Mọ́ńdè. Ó sọ fún mi pé òun ti mọ̀ tipẹ́. Ọkùnrin kan tó ń ra kòkó lọ́wọ́ rẹ̀ wá sí ìjọ wa lọ́dún kan, ó gbọ́ orúkọ, ló bá lọ bi í bóyá òun àti ẹnì kan jọ ń jẹ́ orúkọ kan náà. Ó ní òun kọ́kọ́ fi rẹ́rìn-ín. Lẹ́yìn náà ló bẹ̀rẹ̀ sí í dun òun. Ó ní lọ́jọ́ Ìsinmi yẹn lọ́dọọdún, òun kì í fẹsẹ̀ kan oko, kí ejò má lọ bu òun jẹ kí ọ̀rọ̀ mi wá di òótọ́.

Mo bi í pé kí ló dé tí kò wá tú mi fó. Ó ní kí wọ́n má baà fi ọmọ òun ṣe yẹ̀yẹ́. Mo bi í nípa ìyàwó. Ó ní òun níyàwó, pé ìyàwó òun ló jókòó yìí. Kò fẹ́ ẹlòmíì láti ìgbà náà. Ó gbà pé Ọlọ́run kò fàyè gbà á níwọ̀n ìgbà tí mo wà láàyè. Mo sunkún níbẹ̀, kò sì ní kí n má sunkún.

Nígbà tí mo fẹ́ máa lọ, ó ní, “Ìyá Tọ́pẹ́, n ò ní kí o padà wálé. Dúró sílé ọkọ rẹ. Ṣùgbọ́n jẹ́ kí ọmọ mi mọ̀ pé mo wà.”

Ó ti padà sí Okeluse báyìí. Lẹ́yìn ọdún Kérésìmesì ni ìgbéyàwó Tọ́pẹ́. Ó ti gba fọ́ọ̀mù ìkéde, ó sì ti kọ “olóògbé” sí ẹ̀gbẹ́ orúkọ bàbá rẹ̀ fúnra rẹ̀, pẹ̀lú ìwé kíkọ rẹ̀ tó rẹwà. Dádì ló máa mú un lọ síwájú pẹpẹ, n kò sì fẹ́ gba ìyẹn lọ́wọ́ Dádì.

Ẹ jọ̀ọ́, ta ni kí n kọ́kọ́ sọ fún? Bí mo bá sọ fún fíkà, ìgbéyàwó mi àti Dádì lè tú. Bí mo bá sọ fún Dádì, kí ni yóò ṣe pẹ̀lú orúkọ tí ó fi inú rere kọ? Èmi gan-an kò mọ ìyàwó ta ni mo jẹ́ lójú Ọlọ́run, n kò sì lè máa díbọ́n pé mo mọ̀ ọ́n.

Ọjọ́ Ìsinmi tó ń bọ̀ ni wọ́n máa ka orúkọ. Tọ́pẹ́ ti kọ ti bàbá rẹ̀ sórí ìwé pélébé kan, ó ní kí n bá òun fún akọ̀wé ìjọ. Inú Bíbélì mi ló wà. Bí mo bá fún akọ̀wé, mo tún pa á lọ́dún yìí nìyẹn. Bí n kò bá fún un, ọmọ mi á jókòó lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi, á máa múra àtidìde, á sì máa retí orúkọ tí wọn kò ní pè.