Omi Gbígbóná Kọ́ Ló Bó Ọmọ Mi

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ kà á dé ìparí kí ẹ tó ṣépè fún mi. Wọ́n ní bí irọ́ bá lọ fún ogún ọdún, ọjọ́ kan ni òtítọ́ yóò bá a. Tèmi kò tíì ju ọdún mẹ́fà lọ, ó sì ti rẹ̀ mí. Mo ń sọ̀rọ̀ báyìí nítorí pé ìyàwó mi tún ti lóyún, ó sì ti ní ìyá òun kò gbọdọ̀ fọwọ́ kan ọmọ tó ń bọ̀.

Tíṣà ni mí ní Ìyè-Èkìtì. Báyọ́lọ́jì ni mò ń kọ́ àwọn ọmọ. Láti kékeré ni àtẹ́lẹsẹ̀ mi ti máa ń lé ròrò tí mo bá rìn díẹ̀. Bẹ́ẹ̀ náà ni ti bàbá mi kí wọ́n tó kú. Ojú tì mí, mo sọ fún ìyàwó mi pé bàtà ló ń há mi. Ìbọ̀sẹ̀ kì í kúrò lẹ́sẹ̀ mi, àwọn ọmọ ilé-ìwé tilẹ̀ ń pè mí ní Tíṣà Oníbọ̀sẹ̀.

Nígbà tí a bí Ayọ̀mídé, ìyá ìyàwó mi wá láti Ìlógbò láti máa wẹ ọmọ, bí àṣà wa. Màmá mọ ọmọ wẹ̀. Àìmọye ọmọ àdúgbò wọn ló ti gba ọwọ́ wọn kọjá. Ní ọjọ́ karùn-ún, wọ́n fi kànrìnkàn fọ itan ọmọ, awọ itan náà sì bá kànrìnkàn lọ. Ìyàwó mi figbe ta, ó ní omi ti gbóná jù. Èmi fúnra mi ti ti ọwọ́ bọ omi yẹn. Ó kàn lọ́ wọ́ọ́rọ́ ni. Mi ò sọ̀rọ̀.

A gbé ọmọ lọ sí ilé-ìwòsàn ní Ìdó, dókítà kan níbẹ̀ sì pè mí sí ọ̀tọ̀. Ó ní inú sẹ́ẹ̀lì awọ ara ni àwọn fọ́nrán tín-ín-tín kan wà tó ń jẹ́ kí awọ di ẹran abẹ́ rẹ̀ mú ṣinṣin. Ní ara ọmọ yìí, fọ́nrán náà kò lágbára. Tí nǹkan bá ti ra á lára, awọ yóò ṣí, omi yóò sì gbá jọ sábẹ́ rẹ̀. Ó ní àbímọ́ ni. Ó wá bi mí pé, “Ṣé ẹnìkan nínú ẹbí yín ní irú ara yìí?”

Mo ní kò sí. Ìbọ̀sẹ̀ wà lẹ́sẹ̀ mi bí mo ṣe ń sọ ọ́.

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ̀rù ló bà mí pé ìyàwó mi yóò kọ̀ mí. Nígbà tí mo délé, mo ní dókítà ní kí a má fi omi gbígbóná wẹ ọmọ mọ́. Lóòótọ́ ló sọ bẹ́ẹ̀, ṣùgbọ́n mo mọ̀ pé ohun tí wọn yóò gbọ́ níbẹ̀ ni pé omi Màmá ló bó ọmọ. Màmá di ẹrù wọn, wọ́n padà sí Ìlógbò. Láti ọjọ́ náà, wọn kò wẹ ọmọ kankan mọ́, ìyàwó mi kì í sì í dé ọ̀dọ̀ wọn. Tí ara ọmọ bá tún bó, á ní omi ọjọ́ yẹn ló bà á lára jẹ́. Èmi tí mò ń ya sẹ́ẹ̀lì sójú pátákó, èmi ni mò ń dáhùn pé bẹ́ẹ̀ ni.

Oṣù tó kọjá, mo lọ kí Màmá. Wọn kò lè dìde mọ́. Wọ́n ti ọwọ́ méjèèjì bọ abẹ́ aṣọ, wọ́n ní, “Bàbá Ayọ̀mídé, uná ọwọ́ mi tó jó ọmọ, ṣé ó ti kúrò lára rẹ̀?”

Mo ní ó ti ń kúrò. Wọ́n dúpẹ́ lọ́wọ́ mi pé mo dárí ji àwọn.

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ gbà mí nímọ̀ràn. Tí mo bá sọ ọ́, ilé mi lè dà rú. Tí mi ò bá sọ ọ́, Màmá yóò ru ẹ̀bi mi lọ sí ibojì. Ọmọ tó ń bọ̀ yìí náà lè ní ara bí tèmi, ìyàwó mi sì ti ní òun fúnra òun ni yóò máa wẹ̀ ẹ́.