Kì Í Ṣe Raphael Ló Sọ Fún Mi

Ẹ pa ìwé yín dé. Àwọn ọ̀gá ọ́fíìsì yìí ní kí n wá kọ́ ẹ̀yin ọmọ tuntun bí a ṣe ń pa àṣírí tọkọtaya tí a ń fọ̀rọ̀ wá lẹ́nu wò mọ́, wọ́n sì fún mi ní wákàtí kan gbáko. Ẹ̀kọ́ náà ò ju gbólóhùn kan lọ: ohun tí wọ́n bá sọ fún yín, ibi tí wọ́n ti sọ ọ́ ni kí ẹ fi í sí. Èmi ò fi í síbẹ̀. Ọdún méje rèé tí mo ti ń gbé e kiri, ó tó gẹ́ẹ́. Irọ́ àwọn ẹlòmíràn máa ń lọ lógún ọdún kí òtítọ́ tó bá a. Tèmi ò lókun tó bẹ́ẹ̀. Ẹ wo ẹsẹ̀ mi bó ṣe wú. Kíndìnrín ni, dókítà ò sì purọ́ fún mi. Ọkùnrin tó jókòó sẹ́gbẹ̀ẹ́ ilẹ̀kùn yẹn, Ezekiel ni, ọkọ mi. Òun ló dì mí mú gun àtẹ̀gùn yìí, ó rò pé iṣẹ́ lásán ni mo wá ṣe ní Palmgrove. Bàbá Delight, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má dìde kí n tó parí. Ìwọ tó fi fóònù dojú kọ mí lẹ́yìn yẹn, tó bá jẹ́ pé ohùn mi lò ń gbà sílẹ̀, máa gbà á. Ó pẹ́ tí èmi náà ti ń gba ti ẹlòmíràn.

Mojíbọ́lá lorúkọ mi, ọmọ Ògbómọ̀ṣọ́, ọmọ ìjọ Onítẹ̀bọmi. Ará Ìlàjẹ ni ọkọ mi, apẹja ni, etí ọ̀sà ní Bàrígà ló ti ń gbé kí n tó mọ̀ ọ́n. Nígbà tí mo wọlé ẹ̀, mo bá ọmọbìnrin ọmọ ọdún kan níbẹ̀, Delight. Ó ní ọmọ àbúrò òun tó kú ni. Mo gbà bẹ́ẹ̀. Mo tọ́ ọ, mo ń dirun fún un, mò ń lọ sí ìpàdé òbí nílé ìwé ẹ̀, Mọ́mì ló sì ń pè mí. Èmi fúnra mi ò rí ọmọ bí. Ọkọ mi wá ní ọ̀rẹ́ kan, Raphael, ará ìlú ẹ̀. Ọkọ̀ ojú omi kan ni wọ́n jọ ní, àwọ̀n kan náà ni wọ́n jọ ń dà. Ìyàwó ni Raphael ń pè mí. Tí wọ́n bá ti inú omi dé, ẹja tèmi ló máa kọ́kọ́ yà sọ́tọ̀ kí wọ́n tó ta èyí tó kù.

Ṣùgbọ́n mo ń fura. Ẹni tó bá ń ṣe irú iṣẹ́ wa á fura ni. O ò lè máa gbọ́ ohun tí ọkọ olọ́kọ ń ṣe láràárọ̀ kó o délé lọ fọkàn balẹ̀ sí tìẹ. Lẹ́ẹ̀mejì lọ́dún ni ọkọ mi máa ń gbé ìrẹsì lọ sí Ayétòrò, ìlú ẹ̀, kò sì ní kí n bá òun lọ rí. Tí òun àti Raphael bá ń sọ̀rọ̀ tí mo bá wọlé, wọ́n á ní omi ń kún, wọ́n á ní atẹ́gùn ń fẹ́. Mo tú àpò ṣòkòtò. Mo gbóòórùn aṣọ. Mo ka nọ́ńbà inú fóònù ẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan. Mi ò rí nǹkan kan, àìrí yẹn gan-an ló wá ń dá kún ìfura mi. Wọ́n ní ìfura loògùn àgbà. Èmi mu oògùn náà lámujù.

Ọdún kọkànlá ìgbéyàwó wa ni wọ́n gbé iṣẹ́ ìwádìí tọkọtaya fún wa ní Ṣómólú àti Bàrígà. Ẹ̀yin náà á ṣe irú ẹ̀: ẹ ó ka ilé àdúgbò, èyí tí kíkà bá bọ́ sí lẹ ó wọ̀. Ọkọ ní pálọ̀, ìyàwó ní yàrá, kí ẹnì kan má gbọ́ ti ẹnì kejì. Ẹ ó gba ohùn wọn sílẹ̀, kò sórúkọ, nọ́ńbà nìkan ni. Ilé tó bá sì jẹ́ ti òṣìṣẹ́ wa, kí a fò ó. Nígbà tí a ka ilé dé ìtòsí Pedro ní Bàrígà tó bọ́ sí ilé mi, èmi ni ọ̀gá ìsọ̀rí wa, èmi ló yẹ kí n fò ó. Mi ò fò ó. Mo pe Mùíz, ọmọ tuntun tó ń wá láti Ọbaníkòròó, tí kò mọlé mi rí. Mo ní kó lọ bá ọkọ sọ̀rọ̀, pé mo ti gba ọ̀rọ̀ lẹ́nu ìyàwó. Irọ́ ni. Èmi fúnra mi ló jókòó tí mo kọ fọ́ọ̀mù ìyàwó yẹn, mo sì kọ ọ́ síbẹ̀ pé mo fọkàn tán ọkọ mi. Láàárọ̀ ọjọ́ náà, bí a ṣe ń mu ẹ̀kọ, mo sọ fún ọkọ mi pé kó má sọ fún Mùíz pé èmi ni ìyàwó òun, kí ọmọ náà lè bi í dáadáa. Mo wá ní, “Ẹ sọ gbogbo ohun tó wà nínú yín. Ọdún mẹ́sàn-án tí mo ti ń ṣiṣẹ́ yìí, ọ̀rọ̀ ẹnì kankan ò jáde rí.” Òótọ́ sì ni. Òótọ́ ni mo fi dẹkùn fún un, ìkà ni mí.

Lọ́sàn-án ọjọ́ kejì, mo ti ilẹ̀kùn yàrá fáìlì mọ́ra mi, mo ki íápíìsì bọ etí. Mo fo àwọn ìbéèrè ìbẹ̀rẹ̀, mo lọ síbi tí Mùíz ti bi í bóyá nǹkan kan wà tí ìyàwó ẹ̀ ò mọ̀. Ọkọ mi kọ́kọ́ wúkọ́. Ó wá ní, “Ọmọ tó wà lọ́dọ̀ wa, ọmọ mi ni. Ìyá ẹ̀ kú síbi ìrọbí, kí n tó mọ ìyàwó mi. Ẹ̀rù ló bà mí pé kò ní fẹ́ mi tó bá gbọ́ pé mo ti lọ́mọ. Àwọn òbí ẹ̀ ni mò ń gbé ìrẹsì lọ fún nílé. Ní Bàrígà níbí, Raphael nìkan ló mọ̀.” Mo yọ íápíìsì. Ọ̀rọ̀ ẹ̀ ò tíì tán, ṣùgbọ́n mo ti gbọ́ ohun tí mo wá gbọ́.

Inú bí mi gidi. Ọdún mọ́kànlá ni mo fi ń gbààwẹ̀ ọmọ, tó ń bá mi ṣe àmín, tí ọmọ tirẹ̀ sì ń sùn ní yàrá kejì. Mo délé, mo rán Delight níṣẹ́ lọ sọ́nà jíjìn, mo sì sọ ọ́ sí ọkọ mi lójú. Kò jiyàn. Ó kúnlẹ̀, àgbàlagbà ọkùnrin, ó ń sunkún. Ó bẹ̀ mí, ó bẹ̀ mí. Nígbà tó yá ló gbórí sókè tó bi mí pé ta ló sọ fún mi. Kò fura sí iṣẹ́ wa, ṣé èmi náà ni mo ti sọ fún un pé ọ̀rọ̀ kì í jáde níbẹ̀. Ẹ̀yin ọmọ, ibí yìí ni mo ti kú kí kíndìnrín tó bẹ̀rẹ̀. Mo lè sọ pé èmi ni mo yọ́ gbọ́ ọ. Ṣùgbọ́n iṣẹ́ mi á lọ, yàtọ̀ síyẹn, mo fẹ́ kó jẹ́ pé èmi nìkan ni wọ́n ṣẹ̀ nínú ilé náà. Mo wá ní, “Raphael ni.”

Kò tiẹ̀ wọ bàtà tó fi jáde lọ sétí omi. Raphael ní òun ò sọ ọ́. Àwọn àgbà apẹja pè wọ́n jókòó, Raphael fi sàréè ìyá ẹ̀ búra. Ọkọ mi bi í pé tí kì í bá ṣe òun, ta ni? Raphael wò ó títí, kò fèsì. Gbogbo wọn ní ẹ̀rí ọkàn ló pa á lẹ́nu mọ́. Wọ́n ta ọkọ̀ ojú omi náà, wọ́n pín àwọ̀n sí méjì. Ọ̀rọ̀ wá tàn káàkiri Bàrígà pé ẹnu ọkùnrin yẹn ń jò, kò sẹ́ni tó jẹ́ gbà á sọ́kọ̀ mọ́, ló bá padà sí Ayétòrò. Ọkọ mi náà yí padà. Kò lọ́rẹ̀ẹ́ mọ́. Ẹni tó bá kí i, á máa wá ohun tó wà nídìí ìkíni náà. Èmi ń gbé oúnjẹ síwájú ẹ̀, mo sì ń wò ó. Delight ní tirẹ̀, mi ò lè lé e. Ọwọ́ mi ti mọ irun orí ẹ̀. Tí Mùíz bá rẹ́rìn-ín sí mi ní ọ́fíìsì, màá rò pé ó ti mọ̀, títí mo fi wá ọ̀nà tí wọ́n fi gbé e lọ sí ẹ̀ka mìíràn.

Lóṣù tó kọjá ni wọ́n ní àwọn fẹ́ pa ohùn ọdún yẹn rẹ́ kúrò nínú kọ̀ǹpútà. Mo ní kí wọ́n jẹ́ kí n gbọ́ ọ̀kan. Mo gbọ́ ibi tí mo gbọ́ lọ́jọ́ náà, mo wá jẹ́ kó máa lọ. Mùíz bi ọkọ mi pé kí ló dé tí kò sọ fún ìyàwó ẹ̀. Ọkọ mi ní, “Raphael ò jẹ́ kí n sinmi. Tí a bá ti wà lójú omi, ó di: lọ sọ fún ìyàwó ẹ, obìnrin dáadáa ni, kò ní kọ ọmọ náà. Mo ti ṣèlérí fún un pé tó bá di Kérésì, màá sọ.” Oṣù kọkànlá ni wọ́n gba ohùn yẹn sílẹ̀. Kérésì ò ju ọ̀sẹ̀ mẹ́fà lọ.

Mo purọ́ pé ilé ìwòsàn ni mò ń lọ, mo wọkọ̀ lọ sí Ayétòrò. Mo bá Raphael níbi tó ti ń tún àwọ̀n aláwọ̀n ṣe bí alágbàṣe. Ẹsẹ̀ mi ò jẹ́ kí n kúnlẹ̀, mo kàn jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀ níwájú ẹ̀, mo sì jẹ́wọ́. Kò yà á lẹ́nu. Ó ní, “Ìyàwó, mo ti mọ̀ láti ọjọ́ yẹn. Ezekiel ti sọ fún mi lójú omi pé òun la ẹnu fún ọmọ ọ́fíìsì yín tó wá bi òun ní ìbéèrè. Tí mo bá dárúkọ rẹ lójú àwọn àgbà, á lé ọ jáde. Ọmọ yẹn ti sin ìyá kan. Mi ò fẹ́ kó tún sọ èkejì nù.” Ó ní kí n lọ tọ́jú ara mi, kí n má tú nǹkan kan mọ́. Ó tún fún mi lẹ́ja mú bọ̀.

Ẹ̀yin ọmọ, mi ò ní ìkìlọ̀ púpọ̀. Tí ìfura bá ń gbé yín dé ibi tí kò yẹ kí ẹ dé, ẹ padà. Tí ẹ bá sì ti débẹ̀, ẹ má fi orúkọ ẹlòmíràn bo tiyín.

Bàbá Delight, mo rí i pé ẹ ti dìde. Ẹ má wá dì mí mú, màá ní kí ẹnì kan bá mi pe kẹ̀kẹ́. Mi ò bẹ̀ yín pé kí ẹ dárí jì mí lónìí. Tí ẹ bá ní kí n kó ẹrù mi, màá kó o, Delight ti dàgbà tó láti gbọ́ ohun tí mo ṣe. Ṣùgbọ́n ẹ kọ́kọ́ lọ sí Ayétòrò, ẹ lọ bẹ ọ̀rẹ́ yín. Àṣírí méjì ló wà lọ́wọ́ ọkùnrin yẹn, tiyín àti tèmi. Kò sọ ìkankan.