Píjò Funfun Tí Mo Bá Pàdé Lójú Àlá

Mọ́tò Píjò kan wà níwájú ilé mi ní Borokiri, ní Port Harcourt níbí, tí kò ní lọ síbì kankan mọ́ láyé. Koríko ti hù yí ẹsẹ̀ rẹ̀ ká, adìyẹ aládùúgbò ń yé ẹyin sórí ìjókòó ẹ̀yìn. Bí òjò bá ń rọ̀ wẹ́lẹ́wẹ́lẹ́ lọ́sàn-án, tí atẹ́gùn etí omi ń fẹ́ wá, mo máa ń ṣílẹ̀kùn rẹ̀, màá jókòó sẹ́gbẹ̀ẹ́ ibi tí awakọ̀ ń jókòó, màá dijú. Ẹ má fi mí ṣe yẹ̀yẹ́. Bí mo bá ti dijú báyìí, mọ́tò náà á gbéra, kò sì ní dún rárá. Á gba orí omi kọjá, á gba àárín ọ̀pẹ lọ, títí a ó fi dé Iléṣà, tí a ó bá ìyá ọkọ mi lójúde tó ń fọwọ́ ṣíji bojú wo ọ̀nà. Bí mo bá lajú, adìyẹ ni mo máa ń rí. Ta ni kí n bá wí? Ta ló rán mi níṣẹ́?

Edé àti ẹja gbígbẹ ni mò ń tà. N kò kàwé, ìwé tí mo kà kò ju kí n kọ orúkọ mi lọ, ṣùgbọ́n kò sẹ́ni tó lè fi edé rẹ́ mi jẹ. Àwọn tó ń kó o bọ̀ láti orí odò mọ iṣẹ́ wọn. Edé tó pupa, tó tóbi, ni wọ́n á tò sókè apẹ̀rẹ̀, iyanrìn àti èérún á wà nísàlẹ̀. Èmi kì í wo òkè. Ọwọ́ ni mo máa ń kì bọ apẹ̀rẹ̀ títí dé ìgunpá, ohun tí mo bá bù jáde nísàlẹ̀ ni mo máa ń ná. Wọ́n bú mi títí ó fi sú wọn, wọ́n wá sọ mí ní Madam Put-Hand. Mo ń jẹ́ ẹ. Orúkọ náà dùn mọ́ mi. Háà, a kì í mọ̀ ọ́n rìn kí orí má mì!

Aṣọ́bodè ni ọkọ mi, iṣẹ́ ìjọba ló gbé wa dé Port Harcourt. Kò ní mọ́tò rí. Ṣùgbọ́n nígbà tí mo bí Ṣadé, ọmọ kan ṣoṣo tí Ọlọ́run fún wa, ó ránṣẹ́ sí ìyá rẹ̀ ní Iléṣà pé mọ́tò òun fúnra òun ni ọmọ náà yóò fi wọ ìlú. Bí ọdún bá dé, ó di ọdún tó ń bọ̀. Ibẹ̀ ni ikú ti mú un. Nígbà tí a gbé òkú rẹ̀ lọ sílé, ara Ṣadé kò yá, ọ̀dọ̀ ọ̀rẹ́ mi Ibinabo, ọmọ Okrika tí ìsọ̀ wa jọ kángun síra, ni mo fi í sí. Ìyá ọkọ mi di ọwọ́ mi mú níbi ìsìnkú. Ó ní, "Ìyàwó mi, mú ọmọ yẹn wá kí n rí i. Ojú mi ti ń ṣú." Mo ní, "Mo gbọ́, ma. Màá mú un wá." Ọkọ̀ èrò wà o, ojoojúmọ́ ni wọ́n ń kérò. Ṣùgbọ́n mo ti sọ lọ́kàn mi pé ìlérí ọkọ mi kò ní bọ́ sílẹ̀. Mo bẹ̀rẹ̀ sí í kówó jọ.

Lọ́sàn-án ọjọ́ kan, òjò ń lu páànù, mo sùn lọ sórí àpò nínú ìsọ̀. Mo rí ọkọ mi. Ó wa Píjò funfun dúró níwájú mi, aṣọ ìjókòó rẹ̀ pupa bí epo tuntun. Ó na ọwọ́, ó ṣílẹ̀kùn fún mi, ó ní, "Ìyá ń retí wa." Ẹ ṣáà mọ ohun tí àwọn àgbà wí: bí òkú bá pe èèyàn wọ ọkọ̀ lójú àlá, kó má wọ̀ ọ́. N kò wọ̀ ọ́. Mo kàn gbọ́wọ́ lé ilẹ̀kùn náà, ó tutù bí ẹja tó ṣẹ̀ṣẹ̀ jáde lódò. Nígbà tí mo jí, àtẹ́lẹwọ́ mi ṣì tutù.

Kò pẹ́ sígbà náà, èmi àti Ibinabo àti Ṣadé gbé ẹja lọ fún oníbàárà kan ní Old GRA. Lábẹ́ igi máńgòrò ní ilé kejì, mo rí i. Píjò funfun. Ìjókòó pupa. Ọmọ Yorùbá ló ni ín, òṣìṣẹ́ ìjọba tí wọ́n ń gbé lọ sí Kàdúná, ó sì fẹ́ tà á kó tó lọ. Nígbà tó gbọ́ pé opó ni mí, ó dọ̀bálẹ̀ gbalaja sórí ilẹ̀ tútù pẹ̀lú ṣòkòtò tí wọ́n lọ̀.

"Ẹ kú ìrọ́jú, Màmá. Ọmọ yín ni mí. Ṣé màá ta ohun tí kò dáa fún ìyá mi?"

Ibinabo fà mí láṣọ. "Mama Ṣadé, my brother na mechanic. Make I call am."

"Fún kí ni?"

"Ordinary crayfish, you dey dig am reach ground. Motor, na only face you dey look?"

Mo gbá ọwọ́ rẹ̀ dànù. Mo ní, ohun tí ọkọ mi fi ránṣẹ́ sí mi, ṣé mẹkáníìkì ló máa wá bá mi yẹ̀ ẹ́ wò? Ṣé ọkọ mi ló máa gbé ohun tó ti jẹrà fún mi? Ibinabo wò mí títí, ó gbé agbada ẹja rẹ̀ karí, ó ní, "Okay o. Dead man don turn motor dealer." Mo bínú sí i. N kò tilẹ̀ ná mọ́tò náà bó ṣe yẹ, iye tó pè ni mo san. Mo kàn ń fọwọ́ pa ilẹ̀kùn rẹ̀. Ó tutù!

A ránṣẹ́ sílé pé à ń bọ̀. Mo háyà awakọ̀ kan tó ń jẹ́ Sunday. Ṣadé wọ aṣọ tuntun, ó jókòó sẹ́yìn, ó ń kọ́ bó ṣe máa kí ìyá bàbá rẹ̀, torí Pidgin ló yọ̀ mọ́ ọn lẹ́nu ju Yorùbá lọ. "Ẹ kúulé, Màmá. Èmi ni Ṣadé, ọmọ ọmọ yín." Á ṣì í, á rẹ́rìn-ín, á tún un sọ. Ojú ọjọ́ funfun bí òwú, igbó ń sá lọ lẹ́gbẹ̀ẹ́ wa, ó dà bíi pé a kò kan ilẹ̀. Mo rò pé ọkọ mi wà níbẹ̀. Nígbà tó kù díẹ̀ ká dé Owerri, òjò ńlá dé. Omi bẹ̀rẹ̀ sí í ru sí wa lẹ́sẹ̀. Ìjókòó Sunday rì sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan bí ọkọ̀ ojú omi tó fẹ́ dojú dé. Ṣadé ní, "Mummy, I dey see road."

Ojú títì ló ń wò, lábẹ́ ẹsẹ̀ rẹ̀.

Nígbà tí àwọn mẹkáníìkì ká kápẹ́ẹ̀tì, bébà ìròyìn ni wọ́n fi lẹ ilẹ̀ mọ́tò náà, tí wọ́n wá kun ọ̀dà lé e. Omi iyọ̀ ti jẹ irin abẹ́ rẹ̀ tán. Etí òkun ló ti ń sùn kó tó dé abẹ́ máńgòrò. Bóyá ọmọkùnrin yẹn mọ̀, bóyá wọ́n ta á bẹ́ẹ̀ fún òun náà ni, n kò mọ̀. Ṣùgbọ́n èmi! Èmi tí iyọ̀ ti jẹ ìdí agbada lọ́wọ́ mi láìmọye ìgbà! Ọwọ́ ẹyọ kan ni n bá kì bọ abẹ́ rẹ̀, òun ni n kò kì.

Wọ́n wọ́ wa padà. Ẹ sì gbọ́ èyí tó burú jù: n kò wọkọ̀ èrò lọ́la rẹ̀. Mo ní wọ́n á tún un ṣe. Mẹkáníìkì kan gbà á, òmíràn gbà á, mo sì ń dúró. Ibẹ̀ ni ìròyìn bá mi pé ìyá ti kú. Ọkọ̀ èrò yẹn náà ni a wá wọ̀ lọ. Àwọn ará ilé ní láti ọjọ́ tí iṣẹ́ wa ti dé ni ó ti ń wọṣọ jókòó sójúde, bí mọ́tò bá dún, á ní, "Ṣé àwọn ni?" Ṣadé kúnlẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́ sàréè, ó kí ìyá bàbá rẹ̀. Kò ṣi ọ̀rọ̀ kankan sọ.

Ẹ̀yin tí ẹ fẹ́ ra mọ́tò àlòkù, ọ̀rọ̀ mi kò pọ̀. Mẹkáníìkì tiyín ni kẹ́ ẹ mú lọ, kì í ṣe ti ẹni tó ń tà. Ẹ ká kápẹ́ẹ̀tì. Ẹ kúnlẹ̀, ẹ fọwọ́ tẹ abẹ́ rẹ̀. Bí ẹni tó ń tà bá dọ̀bálẹ̀, ẹ ní kó dìde ná. Ẹ má sì mú òkú lọ sí ìdí ọjà.

Ọkọ mi ṣì máa ń wá bá mi lójú àlá. Ẹsẹ̀ ló fi ń rìn báyìí, bàtà rẹ̀ wà lọ́wọ́, ẹsẹ̀ rẹ̀ pọ́n fún eruku ọ̀nà Iléṣà. Kì í bá mi wí. Ó kàn máa ń dúró lẹ́nu ìsọ̀, á ní, "Ṣé ẹ ti dé ọ̀dọ̀ Ìyá?" Ẹ̀yin àgbà, kí ni kí n dá a lóhùn?