Ẹni Tí Ọwọ́ Rẹ̀ Gbóná Ni Kó Pè Mí

Alàgbà Adérìnsọ́lá, alága wa lónìí, mo kí yín. Ẹ̀yin àgbààgbà Ìtàjí, ẹ̀yin ìránṣẹ́ Ọlọ́run láti ṣọ́ọ̀ṣì gbogbo, mo kí yín lọ́tùn-ún, mo kí yín lósì. Nọ́ọ̀sì Fúnmilọ́lá, ìwọ tí o kó wa jọ, mo dọ̀bálẹ̀ fún ọ, bí mo tilẹ̀ tó bí ọ lọ́mọ. Ẹ̀yin ará ìpàdé Ọjọ́bọ̀ tí a jọ ń bá ọtí jìjàkadì, ẹ̀yin aya wọn, ẹ̀yin ọmọ wọn: ẹ̀yin èèyàn mi.

Ẹ mọ̀ mí. Èmi Ayọ̀kúnlé, Olówó Epo. Ìwé kejì ni mo kà dé tí olùkọ́ ní kí n lọ sinmi, mo sì ń sinmi náà títí dòní. Ẹbu epo tí ẹ ń rí lójú ọ̀nà Ìfisìn, ọwọ́ yìí ló kọ́ ọ. Ta ló tún wà níhìn-ín tó fi agbọ̀n ẹyìn kan bẹ̀rẹ̀, tó sì di ẹni tó ní lọ́rì? Kó dìde kí n rí i. Ẹ jókòó o, mi ò ní rí yín.

Wọ́n ní ọwọ́ àgbàlagbà kì í wọ kèrègbè. Tèmi wọ̀ ọ́, ó sì há síbẹ̀. Èmi àti ọ̀rẹ́ mi Ògúnrìndé, ahéré Gift ẹlẹ́mu là ń wà lójoojúmọ́, ìgbádùn la sì ń pè é. Ọtí ló pa Ògúnrìndé. Èmi ni mo gbé pósí rẹ̀ níwájú, èmi náà ni mo mutí jù níbi ìsìnkú rẹ̀.

Kò pẹ́ sígbà náà, ní ọ̀sán gangan, iná ń jó lábẹ́ àgbá epo, gbogbo ẹbu ṣàdéédéé dákẹ́. Mo gbọ́ ohùn Ògúnrìndé láti ìdí ọ̀pẹ: "Ayọ̀kúnlé, ẹmu ti hó o. Wá ulé." Ọmọ Èkìtì wo ni wọn kò kọ́ pé a kì í jẹ́ ìpè ẹni tí a kò rí? Mo mọ̀ ọ́n. Ẹnu mi sì ti dáhùn pé, "Mo ń bọ̀."

Ìgbà tí iyè mi máa sọ, ahéré Gift ni mo bá ara mi. Igbá méjì wà níwájú mi, méjèèjì ti gbẹ.

Mo ní, "Gift, ta ló mu èkejì?"

Ó ní, "Bàbá, ẹ̀yin lẹ ní kí n bu fún bàbá tẹ́ ẹ jọ wá."

"Bàbá wo?"

Ó wo ẹ̀gbẹ́ mi. Ó fi ìṣẹ́tí aṣọ gbé igbá náà, kò fọwọ́ kàn án.

Lọ́jọ́ kejì ó wá bá mi ní ẹbu. "Bàbá, ẹ jọ̀wọ́, ẹ má wá mọ́. Àwọn kan ń jókòó ní kíláàsì ẹ̀yìn ṣọ́ọ̀ṣì ní Ìtàjí lọ́jọ́ Ọjọ́bọ̀. Ibẹ̀ ni bàbá mi ti bọ́ lọ́wọ́ ọtí." Ẹ ti rí ẹlẹ́mu tó ń lé oníbàárà rí?

Mo wọ agbádá wá, kí ẹ lè mọ̀ pé àlejò ni mí. Mo ní, "Èmi kì í ṣe ọ̀mùtí o. Òkú kan ló ń pè mí." Mo ń retí kí ẹ rẹ́rìn-ín. Kò sẹ́ni tó rẹ́rìn-ín. Sunday bíríkìlà, tó ti ní kí n dárúkọ òun, ní, "Bàbá, ṣé lọ́sàn-án ni? Bàbá tó bí mi, tó ti kú, ló ń pe èmi, tí mo bá ti wà lórí àkàbà." Dúpẹ́ aránṣọ ní, "Tiyín tilẹ̀ sàn. Ohùn ara mi ló ń pè mí láti inú yàrá."

Nọ́ọ̀sì ní, "Bóyá òkú ni, bóyá ọtí ni, mi ò mọ̀. Ẹ ṣáà má dá nìkan jẹ́ ìpè náà." Ibẹ̀ la ti bẹ̀rẹ̀ àṣà wa: alága á wo kálukú lójú, á pe orúkọ rẹ̀, onítọ̀hún á ní, "Mo wà níbí." Nígbà tí ẹ fi mí jẹ alága, mo pè yín. Kò sẹ́ni tó lè pe orúkọ bíi tèmi.

Ṣùgbọ́n ojú mi ti ń ṣókùnkùn. Ní Ọjọ́bọ̀ tó kọjá, òjìji yín nìkan ni mo rí. Bí mo ṣe ń pè yín lọ, ẹnu mi ṣì í, mo pe Ògúnrìndé. Ẹnì kan lẹ́bàá ilẹ̀kùn ní, "Mo wà níbí." Mo bi Dúpẹ́, ó ní òun ò gbọ́ nǹkan kan. Sunday dìde, ó lọ ti ilẹ̀kùn.

Ìdí tí mo fi ń fipò sílẹ̀ nìyẹn, kì í ṣe ọjọ́ orí. Èmi tí mo ń sọ pé mi ò bẹ̀rù ẹnikẹ́ni, ẹ̀rù ń bà mí. Tí wọ́n bá pè mí lójú ọ̀nà lọ́la, báwo ni mo ṣe fẹ́ mọ̀ pé ẹ̀yin ni? Tí mo bá tún jẹ́ ìpè yẹn, mi ò ní padà.

Dúpẹ́ ni yóò máa pè wá. Àga alága ni mo fi sílẹ̀ o, mi ò fi bẹ́ǹṣì sílẹ̀. Ẹ̀bẹ̀ mi kò ju ọ̀kan lọ: kí ẹ tó pè mí, ẹ fọwọ́ bà mí léjìká. Ẹni tó wà nídìí ọ̀pẹ, ohùn nìkan ló ní.

Olúwa kò ní jẹ́ kí a jẹ́ ìpè tí kò ní àbọ̀. Igbá kejì kò ní gbẹ níwájú yín. Ilé yín kò ní ṣófo, ẹni tí ẹ bá pè yóò máa dá yín lóhùn.

Dúpẹ́, ó yá. Má pè mí láti ọ̀ọ́kán yẹn. Sún mọ́ mi.

Ta nìyẹn?

Ọwọ́ tó wà léjìká mi yìí gbóná. Mo wà níbí. Ẹ ṣé o.